Èló Ni Kẹ̀kẹ́ Oníṣọ́ọ̀kì Méjì Ń Jẹ ní Akọka?

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ agboòrùn lápá Pákó ní Akọka, ní Èkó, di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi mú, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dún kọ́. Ó tún gbé e, ó tún dún kọ́. Kò tíì fọwọ́ kan sípáná rárá. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Oríkèé ẹ̀yìn ti jẹ. Bí ẹ bá ń gùn ún lọ báyìí, férémù gan-an ló máa jẹ tẹ̀lé e. Ẹ lọ wá bíárìn wá."

Mo béèrè pé mélòó. Ó ní mẹ́jọ. Mo béèrè pé èló. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kí n má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Marúwá. Nínú kẹ̀kẹ́ ológeere náà, èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti ojú ọ̀nà igbó ni: táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, ó tún ní òmíràn láàárín férémù, èyí tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn lè máa fò sókè sódò láì gbé ẹni tó jókòó lé e. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń rí ní Èkó, inú kọ̀ǹténà ló ti ń bá fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ó rẹwà lójú. Bí mo bá dúró lẹ́bàá géètì Yunifásítì Èkó, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi bi mí pé èló ni mo rà á.

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí rí pé èló ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láàárín ilé mi àti géètì yẹn, kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì mẹ́rin ni mo mọ̀ tí wọ́n fi ti ògiri: ṣéènì wọn ti pọ́n fún ìpẹtà, táyà wọn ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ewúrẹ́ ń fara ha wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́ràn wọn. Owó ìtọ́jú ló bá wọn lójijì, wọ́n sì gbé e tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀: kí ni ń jẹ owó lára kẹ̀kẹ́ yìí, èwo ló yẹ kéèyàn san, èwo ni kò yẹ, ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ará Akọka ra irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí orírun rẹ̀ ná. Ní àgbègbè òkè Tamalpais, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ní táyà ńlá gun orí òkè, wọ́n á wá sá a wálẹ̀ bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń dá a dúró. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù yẹn á ti gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á jó, á di èéfín. Wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n ki gírísì tuntun sí i, kí wọ́n tó tún lè gùn ún. Bí ọ̀nà náà ṣe di Repack nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "tún un kì". Ní 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀nà yẹn sáré ìdíje. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Joe Breeze fọwọ́ ara rẹ̀ jó férémù tuntun fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tà á sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kò tíì sí lára gbogbo ìyẹn. Ìgbà tí Paul Turner dá ilé iṣẹ́ RockShox sílẹ̀ ní 1989 ni fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì, ìyẹn apá iwájú tó di táyà mú, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, òun sì ni Ned Overend lò nígbà tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ní Durango ní 1990. Ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ìtọ́jú ló fún ọ̀nà tí wọ́n ti bí kẹ̀kẹ́ yìí lórúkọ. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mọ̀ pé bí wọ́n bá gùn ún, wọ́n á tú u.

Akọka kò ní òkè. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé etí ọ̀sà, ohun tó ga jù tí táyà mi ń gùn ni búǹpù inú ọgbà Yunifásítì. Kòtò ni ojú ọ̀nà wa ní, àti ìdérí gọ́tà tó ti ṣí, àti òkúta tí àwọn tó ń kọ́lé dà sílẹ̀ tí wọn kò kó. Fún ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì wúlò, mi ò ní parọ́. Ẹ̀yìn mi mọ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kòtò nìkan kọ́ ni Akọka ń fún kẹ̀kẹ́. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, omi òjò a máa dúró lójú ọ̀nà lápá Bàríga àti Ìlàjẹ, omi dúdú tí yanrìn àti ọ̀rá mọ́tò wà nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni. Láàárín méjèèjì, afẹ́fẹ́ ọ̀sà, tó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, kò fi irin lọ́rùn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Òyìnbó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí láti ja ìjà pẹ̀lú òkúta; níbí, omi àti yanrìn ló ń bá jà.

Àwọn tó ń gùn ún ń pọ̀ sí i, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Nígbà tó di 1 oṣù Kẹsàn-án, ó kan Ṣómólú náà, pẹ̀lú Kosọ́fẹ́, Muṣin àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù kan di ₦488 ní ilé epo NNPC ní Èkó lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti di ₦998. Ọ̀pọ̀ wa tó ń rìn láti Akọka sí Ṣómólú, Oníkẹ tàbí Yábàá ló rí i pé ẹsẹ̀ ara wa kò ní béèrè epo lọ́wọ́ wa.

Ọdún tó mú epo gbówó náà ló mú ohun èlò kẹ̀kẹ́ gbówó. Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦470 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ká ní ohun èlò ṣọ́ọ̀kì kan jẹ́ dọ́là 50 lókè òkun: ₦23,500 ni ká pè é tẹ́lẹ̀, ₦75,000 ni ká pè é lẹ́yìn náà, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin oṣù Keje 2024 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Nítorí náà mi ò ní to iye náírà ohun kọ̀ọ̀kan síbí. Kí ẹ tó kà á tán, ó lè ti yí. Wákàtí, iye bíárìn àti ìwọ̀n táyà kì í yí, àwọn ni màá fi ṣe ìṣirò mi.

Àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì kì í fi kìlómítà ka ọjọ́ ìtọ́jú. Wákàtí tí ẹ fi gùn ún ni wọ́n ń kà. RockShox ní bí wákàtí 50 bá pé, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, kí ẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ fi ọ́ìlì tuntun sí i. Bí ó bá pé 200, kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí fún ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Fox, ilé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì mìíràn, ní tirẹ̀ sọ pé wákàtí 125 tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ó dà bí ohun tó jìnnà, àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 20 lọ síbi iṣẹ́, tó ń fi 20 bọ̀, ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ti gùn ún fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 15 ló fi máa pé wákàtí 50. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 173. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó ṣí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó ṣí ti ẹ̀yìn, tí ọdún kejì kò sì ní jìnnà kí títú pátápátá tó dé. Èrò tèmi ni pé ojú ọ̀nà wa tó tẹ́ kò fi ìyà jẹ ṣọ́ọ̀kì bí òkè ṣe ń fi jẹ ẹ́, nítorí náà mo máa ń fa wákàtí 50 yẹn dé 70 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, mi ò jẹ́ fà á.

Fọ́ọ̀kì iwájú kò le. Ọ́ìlì tó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju mílílítà 10 tàbí díẹ̀ lé e lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ́tótó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí owó ńlá wà ni ọ̀pá dídán tó ń wọnú tó ń jáde yẹn. Yanrìn ẹyọ kan tó bá há sí ẹnu rọ́bà rẹ̀ á máa ha á bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀. Bí ìhara bá ti wọ ọ̀pá náà débi tí èékánná lè mọ̀ ọ́n, ọ́ìlì á máa jò, rọ́bà tuntun kò sì ní dá a dúró. Ọ̀pá tuntun ló kù, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fọ́ọ̀kì tuntun. Ohun tó ń dènà gbogbo èyí kò ju àkísà mímọ́ kan lọ: bí mo bá ti dé láti òde, kí n tó wọlé, mo máa ń fi nu ọ̀pá méjèèjì iwájú àti ẹyọ kan ti ẹ̀yìn. Kì í gba ìṣẹ́jú kan. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ yìí, òun ló ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó jù.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn pín sí méjì, ó sì yẹ kí olùrà mọ èyí tó ń rà. Ọ̀kan ní sípíríìnì tó hàn síta, wọ́n sì sábà máa ń kọ agbára rẹ̀ sí i lára, bíi 550 tàbí 750. Lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, sípíríìnì yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọ́ìlì tó ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti bọ́ sí kòtò, á máa gbé yín jó ni. Kò ní ohun tí à ń tú nínú rẹ̀, nítorí náà kò ní owó ìtọ́jú, àmọ́ kò ní àǹfààní púpọ̀ pẹ̀lú. Ìkejì ń lo afẹ́fẹ́. Òun ló fúyẹ́, òun ló dára, òun náà ló ń jẹ owó. Ìwúwo ẹni tó ń gùn ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà lára ọ̀pá rẹ̀: ẹ tì í wálẹ̀ dé ẹnu, ẹ jókòó lé kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì tí ẹ máa ń gbé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ wo ibi tí rọ́bà náà sún dé. Bí ó bá jẹ́ ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn ọ̀pá náà, ó ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Mo mọ̀ pé fọkanáísà wà ní gbogbo ìkóríta wa, ẹnu fáàfù ṣọ́ọ̀kì sì jọ ti táyà mọ́tò gan-an, ọ̀pá afẹ́fẹ́ rẹ̀ á wọ̀ ọ́. Ìjàǹbá tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà dáńfó ń tú afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àyè inú ṣọ́ọ̀kì kò sì tó ife tíì kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti tú rọ́bà inú rẹ̀ ká. Pọ́ǹpù kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì nìkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, gééjì rẹ̀ sì ń dé 300 psi. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń rà á. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò lè dáwó jọ ra ẹyọ kan.

Mo ti ń fa ọ̀rọ̀ oríkèé ẹ̀yìn sẹ́yìn, àmọ́ òun ni ọba gbogbo rẹ̀. Níbi tí apá ẹ̀yìn férémù ti so mọ́ apá iwájú, oríkèé wà níbẹ̀ bí oríkèé orúnkún, bíárìn ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan kò ní ẹyọ kan irú rẹ̀. Tèmi ní mẹ́jọ. Bíárìn táyà ń yí po, ọmọ inú rẹ̀ ń yíká, ó ń jẹ dọ́gbadọ́gba. Ti oríkèé kì í yí. Ó kàn ń mì síwá sẹ́yìn díẹ̀ ni, nítorí náà ojú kan náà ni ọmọ bíárìn ń jẹ títí tí yóò fi gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Bí omi bá wá wọlé bá a, ó parí.

Bí omi ṣe wọ tèmi nìyí. Ní àkókò òjò kan, ẹrẹ̀ bo kẹ̀kẹ́ mi dé orí, mo sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ọmọdékùnrin tó wà níbẹ̀ fi ẹ̀rọ omi tó ń tú jáde pẹ̀lú ipá fọ̀ ọ́, ó sì fọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, inú mi dùn, mo fún un lówó lé e. Omi yẹn gba ẹnu rọ́bà bíárìn wọlé, ó tì gírísì jáde, ó sì dúró síbẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí kọ́ yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ibi oríkèé sì ni mo ń fi àkísà tútù nù.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni nọ́ńbà. Nígbà tí Bàbá yọ bíárìn kìíní, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì na án sí mi. Wọ́n tẹ 6902-2RS sí i lára. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kankan. Gbogbo ayé ló ni ín: ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 15, ìta rẹ̀ jẹ́ 28, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 7, 2RS sì ń sọ pé ó ní rọ́bà ìdérí lápá méjèèjì. Ilé iṣẹ́ SKF ló ṣe é o, NSK ló ṣe é o, ìwọ̀n kan náà ni. Ẹni tó bá lọ sọ fún oníṣòwò pé "bíárìn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ òyìnbó" ni òun fẹ́ ń lọ gbọ́ iye tó wù wọ́n. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sórí ìwé, tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn ẹ̀rọ àti mọ́tò, iye ọjà ni wọ́n máa pè fún un. Kí ẹ ṣáà rí i pé rọ́bà wà lápá méjèèjì. Èyí tó jẹ́ irin ló fi bo ojú rẹ̀ kò ní fara da omi Bàríga.

Bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé tún ṣe pàtàkì. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ti fi òòlù gbá ti ọ̀rẹ́ mi kan wọlé rí. Bíárìn tuntun náà kò lò tó oṣù mẹ́ta, nítorí òòlù ti gbẹ́ kòtò sínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wá rántí Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìlú àwọn atẹ̀wé ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg tó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ wa lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn tó mọ irin ló sì ń mú kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Mo tọ ọ̀gá kan lọ níbẹ̀ tó ń fi lẹ́ẹ̀tì gé irin. Mo gbé bíárìn kan àti férémù lé e lọ́wọ́. Kò rí irú kẹ̀kẹ́ náà rí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi lóye rẹ̀. Ó gé irin róbótó méjì tí ojú wọn mú bíárìn náà gẹ́lẹ́, ó wá ọ̀pá onísíkúrù kan àti nọ́ọ̀tì méjì. Ó to gbogbo rẹ̀ sára wọn, ó sì ń fi sípáná yí nọ́ọ̀tì náà, ó ń dá ọwọ́ dúró, ó ń fi ìka wo etí rẹ̀ bóyá ó dọ́gba. Bíárìn náà ń wọlé bí ẹni ń ti kọ́ọ̀kì sẹ́nu ìgò. Kò sí ariwo kankan. Nígbà tó tán, ó gbé ẹ̀yìn férémù sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó balẹ̀ jẹ́ẹ́.

Irin tó gé fún mi lọ́jọ́ yẹn ṣì wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Bàbá tó wà ní Pákó ti yá a lò fún kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá kan náà ló gé róbótó bàbà tó wà lójú ihò ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jẹ, ohun tí à bá máa retí láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá ní kẹ̀kẹ́ yìí kò ṣeé tọ́jú nílẹ̀ yìí, mo máa ń ní kí wọ́n lọ sí Ṣómólú.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ibi mẹ́ta tí mo ti rí tí owó ń ṣòfò. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì bíréèkì. Bí bíréèkì yín bá jẹ́ olómi, Shimano ń lo mineral oil, ọ̀pọ̀ ti SRAM sì ń lo DOT, irú èyí tí mẹkáníìkì mọ́tò ń tà. Ẹni tó bá da DOT sínú Shimano ti ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa pààrọ̀. DOT náà a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ní ìlú tó lọ́rinrin bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọdún kan. Bíréèkì tó ń lo wáyà kò ní gbogbo wàhálà yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ojú ọ̀nà tó tẹ́.

Ìkejì ni táyà. Wọ́n á ní "26", ẹ̀yin náà á ní "26", ẹ ó sì gbé e délé kó má wọ̀. Táyà 26 ti kẹ̀kẹ́ òkè, rímù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 559. Ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń kọ 26 x 1⅜ sí lára jẹ́ 590. Orúkọ wọn jọ, ara wọn kò jọ. Ẹ wo nọ́ńbà 559 lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ 29, nọ́ńbà 622 ni kí ẹ wá.

Ìkẹta ni ṣéènì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò pa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí i, àmọ́ yanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin ṣe ń lẹ̀ mọ́ oyin, ó sì ń lọ irin ṣéènì bí ẹni ń lọ ata. Ẹ fi rúlà onígi tí àwọn télọ̀ ń lò wọn ṣéènì yín: láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 gééré. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa múra owó sílẹ̀. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kọjá, ó ti ń jẹ eyín gíà ẹ̀yìn, owó gíà sì ju owó ṣéènì lọ dáadáa. Ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ dára fún un, bí ẹ bá lè máa fi sí i lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nu èyí tó kù lójú rẹ̀ kúrò.

Àwọn bàbá wa gun Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tíṣà ń gùn ún lọ ilé ìwé, agbẹ̀ ń fi í ru kòkó. Kò ní ṣọ́ọ̀kì kankan àfi sípíríìnì abẹ́ ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àpótí irin tó bo ṣéènì látòkè délẹ̀, yanrìn kò rí i. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju ọ́ìlì, táyà àti túùbù lọ. Mi ò sọ pé ká padà sí i. Ó wúwo, bíréèkì rẹ̀ kò sì gbà lójò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí kò sí lára kẹ̀kẹ́, kò ní béèrè owó.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ìnáwó kẹ̀kẹ́ mi sí. Lọ́dún tí bíárìn mẹ́jọ yẹn jẹ, ju ìdajì gbogbo ohun tí mo ná ló lọ sí oríkèé àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Táyà, túùbù, ṣéènì, bíréèkì àti iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ló pín ìyókù. Ìyẹn ni pé bí n kò bá ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, èmi ìbá ti gùn ún fún ọdún méjì pẹ̀lú owó kan náà. Kí ni mo rí gbà dípò rẹ̀? Ara tó rọ̀ lórí búǹpù àti kòtò. Táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju 30 psi lọ dípò 50 tí fọkanáísà máa ń fẹ́ sí i, ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tó bá ń lọ ra kẹ̀kẹ́ tí yóò máa gùn láàárín Akọka, Bàríga àti Ṣómólú, kó ra èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan, tàbí èyí tí kò ní rárá tí táyà rẹ̀ fẹ̀, kó sì fi owó tó kù ra ṣéènì àti táyà gidi. Ẹni tó bá máa ń gbé e lọ sí orí òkè Ìdànrè tàbí Ẹfọ̀n Aláayè lópin ọ̀sẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀, oníméjì tọ́ sí i. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ti ra oníméjì bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e ti ògiri. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bó bá dún kọ́, ẹ lọ wo nọ́ńbà ara bíárìn rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.